Ìtàn Oúnjẹ Ọ̀wẹ̀ àti Àwọn Obìnrin Tí Wọ́n Sè É

Bí ènìyàn bá kó àwọn ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa jọ, tí ó sì kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò mọ orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ, yóò mọ ogun tí a jà àti èyí tí a sá fún, yóò sì mọ iye tí olúkúlùkù dá fún gbọ̀ngàn ìlú, títí dé orí ṣílè àti kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní rí ibi kan tí a kọ ọ́ sí pé báyìí ni a ṣe bọ́ àwọn ọkùnrin tí wọ́n po ẹrẹ̀ tí wọ́n sì mọ ògiri. Ìtàn tí ó yọ ìkòkò sílẹ̀ ni a ti ń kọ láti ọjọ́ yìí wá. Mo fẹ́ gbìyànjú láti kọ èyí tí ìkòkò wà nínú rẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé orí ìkòkò ni ọ̀wẹ̀ dúró sí, àti pé ìkòkò ni ó kọ́kọ́ fọ́ kí ọ̀wẹ̀ tó tán nílẹ̀. Kì í ṣe pé apá àwọn ọ̀dọ́ rọ, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń wí ní ìpàdé.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya àáró sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa pe méjèèjì ní ọ̀kan náà. Àáró ni ti àwọn ọ̀rẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ bíi márùn-ún sí mẹ́wàá tí wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n ro oko ẹni kìíní lónìí, tí wọ́n sì ro ti ẹnì kejì lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Gbèsè apá ni, apá ni a sì fi ń san án. Oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni owó iṣẹ́ náà. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé, tàbí tí ó fẹ́ bo òrùlé kí òjò tó dé, ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò ránṣẹ́ sí ará ilé, sí àna, sí aládùúgbò àti sí ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ pẹ̀lú ọkọ́ wọn. A kò san owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀san kan ṣoṣo tí ojú lè rí ni oúnjẹ àti ọtí ọjọ́ náà. N. A. Fádípẹ̀, ẹni tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìgbé ayé Yorùbá ní 1939, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1970 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, ya àáró àti ọ̀wẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀nà kẹta ni èyí tí ọkọ ìyàwó fi ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún bàbá ìyàwó. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ irú ilé tí ọmọbìnrin ti wá. Bí ìyá ìyàwó bá ṣe ahun lórí ọbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ yóò gbé ìròyìn náà délé, ìyàwó yóò sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé títí yóò fi bí ọmọ kẹta.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti pẹ́ tó tí bíbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ́ ìṣòro fún àwọn baba wa, ojú ogun ni kí a kọ́kọ́ wò. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì mú un jáde ní 1921, sọ fún wa pé ní ìgbà àtijọ́ kò sí ẹni tí ń pín oúnjẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Olúkúlùkù ni ó ń gbé tirẹ̀ dání: ẹ̀wà yíyan, àti àkàrà líle kan tí a fi ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe, tí a ń pè ní àkàrà kuru. Ẹ ronú sí i. Àkàrà rírọ̀ tí a dín láàárọ̀ kì í rí ọ̀túnla kí ó tó bàjẹ́. Àkàrà kuru ní tirẹ̀ gbẹ, ó le, ó sì ṣe é rù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Eyín nìkan ni ó ní ẹ̀sùn sí i. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé náà nínú ìwé Johnson yóò rí ọmọ ogun. Èmi rí obìnrin tí ó ti jókòó ti agbada láti òru, kí ọkọ àti ọmọ rẹ̀ tó di ìhámọ́ra. Àwọn tí ogun sọ di ẹrú tí a sì kó kọjá òkun kò gbàgbé agbada náà: títí di òní, àwọn obìnrin Bahia ní ilẹ̀ Brazil ń dín àkàrà nínú epo pupa ní ẹ̀bá títì, acarajé sì ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ogun di ọlọ́dún gbọọrọ, ẹ̀wà inú àpò kò tó mọ́. Ìjàyè kọ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ yìí. Láàárín 1860 sí 1862, Ìbàdàn dí ọ̀nà Òkè Ògùn, níbi tí oúnjẹ ti ń wọ Ìjàyè. Ebi mú ìlú náà dé ibi pé àwọn òbí ń fi ọmọ wọn lé àwọn míṣọ́nárì lọ́wọ́, kí ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Ní oṣù March 1862, Ìjàyè fọ́. Ìbọn pa ènìyàn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ni ó ṣí ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ogun Kírìjì dé ní 1877, àwọn ológun ti gbọ́n sí i. Nínú àwọn ibùdó tí ó wà ní agbègbè Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, wọ́n ná ọjà, àwọn obìnrin sì ń dáná níbẹ̀ ní ọdún dé ọdún títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Kò lè yani lẹ́nu bí àwọn tí wọ́n ti irú ibùdó bẹ́ẹ̀ padà sílé bá mọ bí a ti ń se oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn láìdààmú.

Ohun tí wọ́n ń sè pàápàá ti yí padà kí a tó bí wọn. Iṣu, ẹ̀wà, ọkà bàbà, ilá àti epo pupa jẹ́ ti ilẹ̀ wa láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ata àti gbágùúdá ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Pọtogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò ní etíkun wa. Nítorí náà, nínú àkàrà kuru àwọn ológun, ìdajì jẹ́ ọmọ ilé, ìdajì sì jẹ́ àlejò. Gàárì ni ó pẹ́ jù lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ipa tí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil bọ̀ kó nínú rẹ̀ kò kéré. Àwọn àgbà ìlú wa kò gbé gàárì fún ọlọ́wẹ̀ ní àkókò tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ní ó dàbí ẹni pé onílé kò múra sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi iṣẹ́ gan-an. Àwọn tí wọn kò gbé inú ilé alámọ̀ rí lè rò pé ọjọ́ kan ni a fi ń mọ ọ́n. A kì í mọ gbogbo ògiri lẹ́ẹ̀kan. A ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ pò ó, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó mu omi dáadáa, kí a tó tún un pò. Lẹ́yìn èyí ni a ó máa ṣù ú ní ìṣù, tí a ó máa jù ú sókè fún ẹni tí ń mọ ọ́n. Nígbà tí ìpele kan bá yí ilé po, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, nítorí ìpele kejì yóò wó o bí ó bá ṣì tutù. Nítorí náà, ilé kan lè gba ìpè mẹ́rin tàbí márùn-ún, láìka ọjọ́ tí a ó bò ó. Ìpè kọ̀ọ̀kan ni onílé ń dáná fún. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: àwọn tí ó jẹun ní ìpele kìíní ni a tún fẹ́ rí ní ìpele kejì, bí oúnjẹ àkọ́kọ́ bá sì bà wọ́n nínú jẹ́, ògiri yóò dúró ní orúnkún títí òjò yóò fi rọ̀ lé e.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń ṣe é fún mi. Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí yóò tó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ọmọ mi, iṣu kan fún ọkùnrin méjì. Kí o wá fi mẹ́ta lé e fún àwọn tí a kò pè tí wọn yóò ṣáà yà." Fún 40 ọkùnrin, iṣu 23 ni yóò ti inú àká jáde nìyẹn, fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà ni. A kì í fún ènìyàn ní oúnjẹ wíwúwo kí ó tó wọ inú ẹrẹ̀. Àwọn tí òùngbẹ bá ń gbẹ ní àárín iṣẹ́ yóò fọ́ ẹ̀kọ sínú omi tútù mu. Ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í yọjú títí ìpele yóò fi parí, ìdí rẹ̀ sì hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ògiri wíwọ́ rí.

Ní ọ̀sán, ìyá yìí fẹ́ràn àdàlú ju iṣu lọ, pàápàá ní ìgbà àgbàdo tuntun. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sè é fún 40 ènìyàn. A ó ṣa ẹ̀wà kóńgò 3, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì gbé e ka iná pẹ̀lú omi púpọ̀. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Bí ẹ̀wà bá ti ń là, a ó da àgbàdo tútù tí a ti rẹ́ lára orí 60 sí i. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo gbígbẹ, a gbọ́dọ̀ ti rẹ ẹ́, kí a sì ti sè é láti alẹ́ àná, nítorí kì í dúró de ẹ̀wà. Nígbà tí méjèèjì bá jinná, tí omi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, a ó gbé epo ìgò 2 ka iná nínú ìkòkò mìíràn, a ó da àlùbọ́sà àti ata lílọ̀ sí i, a ó fi ẹja gbígbẹ tí a ti wó sí i, a ó sì da gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀wà náà lórí. A ó wá fi iyọ̀ sí i, a ó rò ó pọ̀, a ó sì dín iná kù. Àdàlú kì í jẹ́ kí ebi tètè padà, kò nílò ọbẹ̀, ènìyàn sì lè jẹ ẹ́ ní ìdúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó kún fún ẹrẹ̀.

Bí oko bá jìnnà, èkuru ni wọ́n ń gbé lọ. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀ kúnná, tí a pò dáadáa kí ó fẹ́, tí a pọ́n sínú ewé tí a sì sè, láìfi epo tàbí ata sí i. Ata díndín ni a ó gbé lọ lọ́tọ̀. Nítorí pé epo kò sí nínú rẹ̀, ó ń gbé agbọ̀n láìba nǹkan mìíràn jẹ́. Ó máa ń há ènìyàn lọ́fun díẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n odò kì í jìnnà sí oko.

Oúnjẹ alẹ́ ni oúnjẹ tí a fi ń dájọ́ onílé. Iyán ni iyì, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iyán 40 ènìyàn gba odó púpọ̀ àti apá púpọ̀, ẹni tí a sì kọ́kọ́ gún tirẹ̀ ti ń jẹ iyán tútù kí a tó gún ti ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa iyán mọ́ de ọjọ́ tí a ó bo ilé, tí wọ́n sì ń ro ọkà ní àwọn ọjọ́ yòókù. Èlùbọ́ ti wà nínú àpò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A kò ní bó o, a kò ní gún un. Omi yóò hó yaya, a ó da èlùbọ́ tí a ti sẹ́ sí i, obìnrin méjì yóò di ìkòkò mú, ẹnì kẹta yóò sì fi orógùn rò ó títí kókó yóò fi kú nínú rẹ̀. A ó wọ́n omi gbígbóná sí i, a ó dé e kí ó tún hó, a ó tún un rò, a ó sì máa dì í sínú ewé ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ti ẹni àkọ́kọ́ àti ti ẹni ìkẹyìn lè gbóná dọ́gba. Ilá tàbí gbẹ̀gìrì ni yóò tẹ̀lé e. Ní ti ẹran, ìyá àgbà náà ní òfin kan tí mo rò pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìnáwó ẹgbẹ́ wa gbọ́: ẹni tí ó gé ẹran kì í pín ẹran. Ẹnì kan yóò gé e, yóò ka á níwájú gbogbo obìnrin tó wà nídìí iná kí ó tó wọ ìkòkò, ẹlòmíràn yóò sì bù ú.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí fún ìgbà díẹ̀ ni 1955. Ní oṣù January ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí Olóyè S. O. Awókọ́yà jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ fún. Iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 ní 1955. Àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò ibi tí wọn yóò jókòó sí, owó ìjọba nìkan kò sì lè kọ́ gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà. Káàkiri ilẹ̀ wa ni àwọn ará ìlú ti jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti garawa. Ní ìlú tiwa, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń mọ ògiri. Àwọn obìnrin ń pọn omi ẹrẹ̀ láti odò ní ìdájí, wọn a sì padà wá dáná. Mo ti wo ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìṣó ní iye, páànù ní iye, igi àjà ní iye, a tilẹ̀ kọ owó tí a fi ra okùn sílẹ̀. Oúnjẹ kò ní ìlà kan. Bí a bá fi ìṣirò ìyá àgbà ṣe é, 60 ọkùnrin yóò jẹ iṣu 33 lójúmọ́. Bí iṣẹ́ bá gba ọjọ́ 10 péré, iṣu 330 ni àwọn obìnrin ìlú yìí fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, láìsọ ti epo, ẹ̀wà, ẹja àti igi ìdáná. Orúkọ àwọn tí wọ́n dá owó wà lára òkúta títí di òní. Àwọn tí wọ́n dá 330 iṣu kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá wò ó, láàárín ìran kan sí i, ọ̀wẹ̀ ti di ohun tí à ń ròyìn fún ọmọ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ó fà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, jẹ́ iṣẹ́ owó. Kòkó tí ó tẹ̀lé e mú àwọn alágbàṣe wọ oko wa. Owó kọ́kọ́ mú ọkùnrin, lẹ́yìn náà ó kan iṣu. Iṣu tí ó wà nínú àká kò ní iye lójú ẹni tí ó gbìn ín, ṣùgbọ́n iṣu tí a rà lọ́jà ní iye, onílé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bóyá kò ní sàn kí òun gba alágbàṣe mẹ́fà ju kí òun bọ́ 40 ènìyàn lọ. Nígbà tí ilẹ̀kẹ̀ ìṣirò yìí bá ti dé ọwọ́ ènìyàn, ọ̀wẹ̀ ti parí. Àwọn ọmọ tí ń pọn omi ti wọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìyá sì ní ìsọ̀ tí wọn kò lè tì. Sìmẹ́ńtì náà kó ipa tirẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ gba gbogbo ọwọ́, ṣùgbọ́n bíríkìlà ni búlọ́ọ̀kù ń fẹ́.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó sún mọ́ wa ju ìwọ̀nyí lọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a pe iṣẹ́ ìlú láti gbẹ́ ojú àgbàrá. Àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀ rò pé ìdáná yóò pẹ́, wọ́n sì pín owó oúnjẹ fún olúkúlùkù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí aago méjìlá lù, àwa mọ́kànlá ni a kù nínú àwọn tí wọ́n lé ní 70. Àwọn yòókù kò jalè, ebi pa wọ́n, wọ́n ní owó lọ́wọ́, wọ́n lọ sí ibi tí oúnjẹ wà, wọn kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi padà. Ìkòkò tí ó ń hó ní ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ni ó ń dá ènìyàn dúró. Òórùn ọbẹ̀ a máa ṣe ohun tí agogo akígbe kò lè ṣe.

Ẹgbẹ́ wa ń múra láti tún ilé-ẹ̀kọ́ 1955 náà ṣe. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ni pé kí a ṣí ìlà kan fún oúnjẹ nínú ìwé ìṣirò, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó bá se é àti iye tí ó sè síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ó bá fún wa ní àpò sìmẹ́ńtì. Àwọn ìyá tí wọ́n dáná ní 1955 kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò dé àdúgbò láti gba orúkọ àwọn tí wọ́n jọ sè é. Ẹnikẹ́ni tí ìyá tàbí ìyá-ìyá rẹ̀ bá wà nínú wọn, kí ó jọ̀wọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Bí ó bá sì ku ẹnì kan ní gbogbo agbègbè yìí tí ó ṣì mọ bí a ti ń ṣe àkàrà kuru, kí ó má ṣe dúró de ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ kí ó tó sọ fún wa.